Èmi Ni Mo Jókòó Sáàárín Wọn

Ẹ̀fẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ lójú mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo tètè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn kan ní mọ́ṣáláṣí wa ń sọ kiri pé ìlara ló wà nídìí ẹ̀. Mi ò jowú ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàn fẹ́ràn kí n máa fi èèyàn ṣeré ni.

Èmi ni mo gba ìhanrun Bàbá wa sílẹ̀ tí mo sì fi ṣe ohùn ìpè fóònù wọn. Àárín ìrun Àìlà ló dún. Lèmọ́mù gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè parí ìrun. Èmi náà ni mo lẹ ojú oníke kéékèèké mọ́ gbogbo ẹyin inú fìríìjì wa, tí ẹ̀gbọ́n mi ṣí i láàárọ̀ tó bá àwọn ẹyin tí wọ́n ń wò ó. Títí di òní, bí mo bá rántí, mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì.

Shukurat lorúkọ mi. Mo fi ilé ìwé girama sílẹ̀ kí n tó parí, mo sì ń lẹ àdírẹ́sì mọ́ páálí ní ilé ìkẹ́rù kan ní Meadowvale. Springdale ni ilé wa, nítòsí Toronto ní Canada níbí. Bàbá wa, Alhaji Fàtáì, máa ń tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi, Lateefat, ń tọ́jú àwọn arúgbó. Màmá wa wà ní Ìbàdàn, wọ́n lọ tọ́jú ìyá wọn.

Ìgbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti Bowmanville wá sílé wa lọ́jọ́ Sátidé. Mukhtar lorúkọ rẹ̀, lífítì ló ń tún ṣe, ẹ̀gbọ́n mi ló sì fẹ́ fi ṣaya.

Bàbá wa fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ṣòfin. Òun àti Lateefat ò gbọ́dọ̀ dá wà nínú yàrá kan títí wọ́n á fi so yìgì. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ máa pe ara wọn tàbí tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù.

"Ta ló máa wá máa jíṣẹ́ fún wọn, Bàbá?" ni mo bi wọ́n.

"Ìwọ ni. Ṣebí fóònù náà lo gbé lé ojú tọ̀sán-tòru."

"Ṣé kí n máa fi ohùn wọn ránṣẹ́ síra wọn?"

"Ohùn kẹ̀? Ohùn ọkùnrin létí ọmọbìnrin lábẹ́ kúbùsù? Ohun tí mo ń sá fún gan-an nìyẹn. Tí ó bá sọ̀rọ̀ fún ẹ, gbọ́ ọ, kí o tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ohun tó bá sọ ni kí o tẹ̀. Mo fọkàn tán ẹ lórí èyí o, Shukurat."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo tilẹ̀ gbọ́wọ́ sáyà.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń jókòó sáàárín wọn. Ní gbogbo Sátidé, Mukhtar á wà ní apá kan àga gígùn wa, Lateefat á wà ní apá kejì, èmi á wà láàárín pẹ̀lú abọ́ ṣinṣín lórí itan mi. Ohun tí wọ́n lè sọ lójú mi ò pọ̀, nítorí náà eré orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n máa ń jiyàn lé.

Eré ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín méjì ló wà nílẹ̀ lásìkò yẹn tí àwa ọmọ Yorùbá níbí ń wò. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni Ó Ti Kà Á, tí wọ́n ṣe ní Èkó. Inú rẹ̀ ni Ìmọ́lẹ̀ wà, ọmọge tó máa ń fi ìbéèrè dẹ pańpẹ́ sílẹ̀ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Á yẹ fóònù rẹ̀ wò, á sunkún, á gbé àpò rẹ̀ jáde, á tún padà wọlé wá jẹun.

Ti Mukhtar ni Àjà Kejìlá, tí wọ́n ṣe ní Toronto níbí. Ayọ̀mipọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ tuntun ló ń gbé inú kóńdò kan, ilé gíga alájà púpọ̀. Wọ́n á jókòó sídìí fèrèsé, wọ́n á sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á dákẹ́ púpọ̀, wọ́n á tún sọ̀rọ̀.

"Ìyẹn náà leré?" Lateefat á ní. "Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Omi tíì nìkan ló hó."

"Ó kéré tán, wọ́n ń gbọ́ ara wọn," Mukhtar á dáhùn. "Tìẹ yẹn, tí ẹnì kan bá bi ẹnì kejì ní ìbéèrè tó tọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á kó kámẹ́rà wọn lọ sílé."

"Ṣé o ti wò ó ni?"

"Mi ò sì ní wò ó."

"Èmi náà ò ní wo tìẹ. Ká jọ wà bẹ́ẹ̀."

Èmi ti wo méjèèjì tán. Bí ẹ bá bi mí, Ó Ti Kà Á ló ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín jù, ṣùgbọ́n Àjà Kejìlá ló lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ayọ̀mipọ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó bá sọ ọ́, èèyàn á dá eré náà dúró, á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wá wo ibi tí èṣù ti rí àyè. Ẹnì kìíní ò ní wo ti ẹnì kejì. Ẹnì kejì ò ní wo ti ẹnì kìíní. Èmi nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ inú méjèèjì, ọwọ́ mi sì ni fóònù wà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, Mukhtar ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Shuku, bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé yìnyín máa pọ̀ lọ́la. Kó tètè kúrò nílé."

Mo wo ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà nìyẹn? Ẹni tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́ náà lè sọ ọ́.

Mo pa á rẹ́. Mo wá tẹ ọ̀rọ̀ Ayọ̀mipọ̀ sípò rẹ̀: "Bí yìnyín bá bo gbogbo ọ̀nà ìlú yìí, ọ̀nà kan wà tí mi ò ní ṣì. Ti ilé yín ni."

Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀gbọ́n mi ṣí. Ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì, ó gbé fóònù sáyà.

"Shuku, ṣé Mukhtar ló sọ báyìí?"

"Ta ni ì bá tún sọ ọ́?"

"Mi ò mọ̀ pé ó lè sọ irú ẹ̀."

"Àwọn tó ń dákẹ́ yẹn, inú wọn ló jìn," ni mo wí. Mo yíjú sí ìkòkò kó má baà rí ẹnu mi.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó dùn. Ó dùn ju ti ẹyin lọ.

Mo ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi náà. Tó bá ní, "Sọ fún un pé mo ti délé, ó rẹ̀ mí," ọ̀rọ̀ Ìmọ́lẹ̀ ni Mukhtar á rí: "Ara mi ti délé, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì bọ́ bàtà."

Mukhtar á fi ohùn ránṣẹ́, á máa rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́: "Ẹ̀gbọ́n ẹ yìí, ibo ló ti ń rí ọ̀rọ̀?"

Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bó ṣe wà, tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ọ̀gá wa dúró tì mí. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ráyè ronú. Mo kàn ń tẹ ohun tí mo bá gbọ́.

Bàbá wa mú ọjọ́ tí wọ́n máa so yìgì. Ilé wa kún fún ayọ̀. Ayọ̀ yẹn ló sú mi.

Nínú eré méjèèjì, ibi tí ìjà bá ti wọlé leré ti ń dùn. Nígbà tí Ìmọ́lẹ̀ bi àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní ìbéèrè burúkú yẹn, ṣe lọkùnrin náà sáré láìwọ bàtà la àdúgbò já, ó gbé búrẹ́dì dání, ó ń bẹ̀ ẹ́, gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí Ayọ̀mipọ̀ bínú ní tiẹ̀, ó jókòó sídìí fèrèsé, ó ní òun ń fẹ́ àyè, ìyàwó rẹ̀ sì gbé tíì wá. Mo fẹ́ mọ èwo ló jọ ayé nínú méjèèjì. Mo ní tọkọtaya kan nílé, wọ́n ò sì mọ̀ pé àwọn ń ṣeré.

Mo fi ọ̀rọ̀ Ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí Mukhtar, bíi pé ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́: "Tí mo bá ní kí o yan ẹnì kan ṣoṣo láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, ta lo máa mú?"

Mo mọ̀ pé Mukhtar ní ẹ̀gbọ́n obìnrin, Auntie Aishah. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé wọ́n ti pàdánù òbí wọn láti kékeré, pé Auntie Aishah ló ṣiṣẹ́ tọ́ ọ, òun ló mú un wá sí Canada, òun ló sì ń gbé ní òkè ilé tí Mukhtar ń gbé ní ìsàlẹ̀.

Ó fi ohùn fèsì. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Shuku, sọ fún un pé Auntie Aishah ni ìyá tí mo mọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, kó má bi mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ibẹ̀ yẹn ló ti yẹ kí n dúró. Mo gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé eléyìí kì í ṣe ẹyin inú fìríìjì.

Ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ́ iṣẹ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi á bi í pé, "Ìbéèrè wo ni mo bi ẹ́?" Àṣírí mi á tú. Mo wá fi ọ̀rọ̀ Ayọ̀mipọ̀ dí i: "Mo ń fẹ́ àyè díẹ̀, kí n lè gbọ́ ohùn ara mi."

Lateefat kà á tán. Ó wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Omi náà ń ṣàn lọ láìdúró, kò sì sí ẹni tó ń wẹ̀.

Kò sẹ́ni tó gbé búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó gbé tíì.

Nínú eré, ẹni tó kọ ìjà ti kọ ìparí rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán. Èmi ò kọ ìparí kankan.

Mo gbìyànjú láti tún un ṣe. Mo fi ọ̀rọ̀ dídùn ránṣẹ́ sọ́tùn-ún sósì, gbogbo èyí tí mo rántí nínú eré méjèèjì. Ó burú sí i. Ẹni tó ní òun ń fẹ́ àyè láàárọ̀, tó tún ń sọ̀rọ̀ òṣùpá lọ́sàn-án, ta ló máa gbà á gbọ́?

Lateefat bá Bàbá wa lórí ẹní ìrun. Mo ń gbọ́ wọn láti orí àtẹ̀gùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ká so yìgì yẹn rọ̀ ná."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó nà ẹ́ ni? Ṣé ó purọ́ fún ẹ?"

"Rárá, sà. Mi ò mọ irú èèyàn tó jẹ́ mọ́ ni. Lónìí, ó dà bí ẹni tó mọ inú mi. Lọ́la, ó dà bí àlejò."

Bàbá wa ká ẹní ìrun wọn. "Jẹ́ kó wá ní Sátidé. Kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tẹ̀ lé e wá. A máa gbọ́ ọ lẹ́nu ara ẹ̀. Tí ọkàn ẹ ò bá balẹ̀ lẹ́yìn náà, a máa túká."

Lateefat wọ yàrá mi wá, ojú rẹ̀ ti wú.

"Shuku, bá mi wá eré tí Mukhtar fẹ́ràn yẹn. Mo fẹ́ wò ó. Mo fẹ́ mọ irú ọkùnrin tó ń wù ú kó dà."

Mo gbé fóònù mi sábẹ́ ìrọ̀rí. "Àǹtí Lati, eré yẹn ò dáa. Ẹ máa sùn lọ ni."

"Ṣáà bá mi wá a."

Mo ní wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Mo ní mo máa bá a wá a níbòmíràn. Mo yí ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọlé síbẹ̀ padà. Mo ti fi irú ọgbọ́n yẹn pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín rí. Lọ́jọ́ yẹn, kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Sátidé pé. Auntie Aishah wọlé pẹ̀lú híjáàbù dúdú, wọ́n bọ́ bàtà yìnyín wọn sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n kí Bàbá wa, wọ́n sì wo ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lábẹ́ ahọ́n. Mukhtar jókòó sí apá tiẹ̀, Lateefat sí apá tiẹ̀. Bàbá wa tọ́ka sí àárín fún mi.

Mo jókòó. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbé ṣinṣín dání.

Mukhtar ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Alhaji, ẹ má bínú sí mi, sà. Ọ̀rọ̀ ò yọ lẹ́nu mi dáadáa, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n eré kan wà tí mo máa ń wò. Ọkùnrin inú ẹ̀ máa ń sọ ohun tó wà nínú mi. Tí Lateefat bá lè bá mi wo apá kan péré, èmi náà á wo tiẹ̀. Bóyá a máa yé ara wa."

"Eré tẹlifíṣọ̀n?" Bàbá wa wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa," Lateefat dáhùn kíá. "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń wá a."

Mo dìde. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín pọn omi tíì."

Kíṣíìnì kọ́ ni mo lọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo lọ, mo yọ wáyà ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì nínú iná. Nígbà tí mo padà, òrùka kékeré kan ń yí lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń yí, kò sì ṣí nǹkan kan.

"Íńtánẹ́ẹ̀tì ibí yìí ò dáa rárá," ni mo sọ.

Mo gbàgbé iṣẹ́ tí Bàbá wa ń ṣe. Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ wá wáyà tó já nínú ilé onílé, ṣé wáyà ilé tiẹ̀ ló máa ṣòro fún un? Wọ́n dìde, wọ́n lọ tààrà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn wọn láti ibẹ̀.

"Ta ló yọ èyí?"

Wọ́n fi wáyà náà bọ iná padà. Wọ́n wá jókòó, wọ́n sì wò mí lẹ́ẹ̀kan.

Mukhtar fi fóònù tirẹ̀ gbé eré náà sójú tẹlifíṣọ̀n. Nínú gbogbo apá tó wà nínú eré yẹn, èyí tí yìnyín wà nínú rẹ̀ ló mú.

Ayọ̀mipọ̀ dúró sídìí fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìsàlẹ̀ funfun báláú. Mo mọ ibẹ̀. Mo mọ iye èémí tó kù kí ó tó la ẹnu. Mo di etí àga mú.

"Bí yìnyín bá bo gbogbo ọ̀nà ìlú yìí," Ayọ̀mipọ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀nà kan wà tí mi ò ní ṣì," ẹ̀gbọ́n mi wí.

Kó tó di pé ẹnu ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n débẹ̀ ló ti sọ ọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka àdúrà tó ti mọ̀ lórí.

Mukhtar yíjú sí i, inú rẹ̀ dùn. "O ti wò ó rí?"

"Mi ò wò ó rí. Ìwọ lo fi ránṣẹ́ sí mi."

"Èmi?"

"Ọjọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ pọ̀."

"Mo ní kí o tètè kúrò nílé. Ohun tí mo sọ nìyẹn."

Auntie Aishah na ọwọ́, wọ́n dá eré náà dúró. Àwọn méjèèjì wá yíjú lẹ́ẹ̀kan náà. Àárín wọn ni mo wà. Kò síbi tí mo lè wò.

"Shukurat," Bàbá wa pè mí. Ohùn wọn ò ga rárá.

"Sà."

"Kí ni mo ní kí o máa tẹ̀?"

"Ohun tí mo bá gbọ́, sà."

Lateefat ti ṣí fóònù rẹ̀. Ó ń kà á síta, lọ́kọ̀ọ̀kan, orí mi ló sì ń kọjá.

"'Ojú fèrèsé mi ò ní ìtumọ̀ bí o ò bá sí nídìí ẹ̀.'"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀," Mukhtar wí.

"'Mo ń fẹ́ àyè díẹ̀, kí n lè gbọ́ ohùn ara mi.'"

"Mi ò sọ ọ́ rí. Mo ní kí o má bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́."

"Ìbéèrè wo?"

Mukhtar wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wolẹ̀. Auntie Aishah ló sọ ọ́ fúnra wọn.

"O ní kó yàn láàárín ìwọ àti èmi. Ọjọ́ tó fi hàn mí, mi ò lè jẹun."

"Auntie, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò sọ ọ́." Ẹ̀gbọ́n mi ti kúnlẹ̀. "Mi ò lè sọ ọ́ láyé mi."

"Dìde, ọmọ mi. Mo ti rí ẹni tó sọ ọ́." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ, kí la fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Mo fẹ́ ní eré ni. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Nígbà tí mo wo ojú wọn, mi ò lè sọ ọ́.

"Mo fẹ́ wo bó ṣe máa rí ni, mà," ni mo dáhùn.

Lateefat ṣì ń yẹ fóònù wò. Ó ń sáré yí i sókè báyìí, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú ilé tó jó. Ó dúró.

"Èyí ńkọ́?" Ó kà á síta. "'Mo ti pààrọ̀ táyà ọkọ̀ ẹ sí ti wíńtà. Ẹ̀yìn ọ̀tún fẹ́ jò díẹ̀, mo ti dí i. Rọra wà á.'"

Mukhtar gbé orí sókè. "Tèmi nìyẹn."

"Ìwọ lo sọ ọ́?"

"Bó ṣe wà yẹn. Ìyẹn, tèmi ni."

Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá wa dúró tì mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì wo ojú mi. Ó ń wo Mukhtar, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní, "Èyí nìkan ni mi ò fi han ẹnikẹ́ni."

Bàbá wa dìde. "Kúrò níbẹ̀," wọ́n sọ fún mi.

Mo dìde. Bàbá wa fúnra wọn wá jókòó sáàárín, wọ́n sì gbọ́wọ́ lé orúnkún. "Ẹ máa sọ̀rọ̀," wọ́n sọ fún àwọn méjèèjì. "Mò ń gbọ́."

Orí àtẹ̀gùn ni mo wà tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan dáadáa, àfi táyà, àti yìnyín, àti lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín.

Wọ́n so yìgì náà lọ́jọ́ tí Bàbá wa mú tẹ́lẹ̀. Lateefat ti wà ní Bowmanville báyìí. Kò bá mi jà. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí mi. Kò kàn sọ̀rọ̀ sí mi mọ́ ni. Bí mo bá pè é, fóònù á dún títí á fi dákẹ́. Ó ń tújú ká sí gbogbo ayé, àfi èmi.

Tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ rán yín lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ ẹ bó ṣe wà, bó ti wù kó gbẹ tó. Ẹ ò mọ èyí tí ẹni tó gbà á ń dì mọ́ra sùn.

Mukhtar ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó máa ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ báyìí: "Ẹ̀gbọ́n ẹ ní ṣé o jẹun." "Ẹ̀gbọ́n ẹ ní kí o kí Bàbá." Láàárọ̀ òní, ó tún dé: "Ẹ̀gbọ́n ẹ ní kí o má gbàgbé ìbọ̀wọ́ ẹ, òtútù ń bọ̀."

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, Lateefat ò bi mí nípa ìbọ̀wọ́ rí.

Mo dúró níwájú òkìtì páálí, ọ̀gá wa ń wò mí, mo sì tẹ̀ ẹ́ padà: "Bọ̀dá Mukhtar, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?"

Ó ti kà á. Kò tíì fèsì.